Bulọ́ọ̀kù Inú Orí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Màmá ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ bá a dúnàádúrà?

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí máa yà yín lẹ́nu. Etí yín tí kò gba fóònù mọ́ ló fà á. Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, mo ní, "Mo ti ríṣẹ́!" Ẹ ní, "Apá ta ló ṣẹ́?" Mo pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì, títí ìyá àgbà kan fi fọwọ́ kàn mí léjìká pé òun bá mi yọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sórí bébà.

Iṣẹ́ náà rèé. Ilé ìwòsàn ńlá ni, ṣùgbọ́n yàrá tiwa wà lábẹ́ ilẹ̀. Kò ní fèrèsé. Tábìlì méjì àti kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú páìpù kan tó ń kùn lókè orí mi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun kan tó gùn jù mí lọ. Bí mo bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ yẹn ló ń mú mi lọ síbi tó wù ú. Àwọn aláìsàn á dá mi dúró: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́..." Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní fún gbogbo wọn ni pé ilé ìtọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń ya àwòrán inú orí èèyàn. Kì í ṣe fọ́tò pẹlẹbẹ bí èyí tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri o. Àwòrán yìí ga, ó fẹ̀, ó sì jìn. Ẹ fojú inú wo orí tí wọ́n fi ṣúgà onígun kéékèèké tò jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, láti iwájú dé ìpàkọ́. Ibi tí àìsàn bá ti fọwọ́ kan ọpọlọ, àwọn hóró ibẹ̀ á máa tàn funfun. Tèmi ni kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ èwo nínú àwọn hóró funfun náà ló so mọ́ èwo. Àwọn tó bá so pọ̀ di àpá kan, wọ́n á gba nọ́ńbà kan àti àwọ̀ kan: àpá kìíní pupa, ìkejì àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà la ó ka iye àpá tó wà nínú orí ẹni náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ ju ti èṣí lọ, dókítà á yí oògùn padà.

Gbogbo ìwé tí ẹ fi ẹ̀yìn gba oòrùn kí n lè kà, ohun tí mo wá ń fi ṣe ni pé mo ń bi hóró ṣúgà léèrè pé, "Ta ni aládùúgbò rẹ?"

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti di dókítà. Mo mọ̀ yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Oníbéèrè, ọmọ mi,

A dúpẹ́ o. Màmá rẹ wà, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní ewé kan ṣoṣo lo kọ, bí ẹni pé wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ fún ọ. Orúnkún mi ò le jù, kò sì dẹ̀ jù. A jọ ń gbé ni.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni ìpàdé àwa bíríkìlà. Ṣé o ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Ká ní ẹni tó ń pín lẹ́tà yára díẹ̀ ni, ojú ì bá má tì mí báyìí. Màmá rẹ ti gbọ́ lórí fóònù pé ilé ìwòsàn lo ti ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wo ọpọlọ, ni mo bá ti dìde níwájú wọn, mo ti sọ pé ọmọ mi ti di dókítà ọpọlọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé mi kúrò lórí bẹ́ńṣì, wọ́n fún mi ní àga tó ní ìgbẹ́yìnlé, èyí tí alága nìkan ń jókòó lé. Ọmọ mi, àga yẹn dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde lórí rẹ̀ láti sọ pé ṣúgà lò ń kà?

Irọ́ náà kò wá jókòó jẹ́ẹ́, ó bímọ. O rántí káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń mọ ògiri tó ń kan òrùlé lé e. Ìyàwó rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan. Ó ṣubú lẹ́yìnkùlé ní oṣù kọkànlá, kò gbọgbẹ́, ó gbọn aṣọ nù ó sì dìde. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e padà wá. Wọ́n ya á. Ṣùgbọ́n kàkà kí káfíńtà gbé e padà, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá. Ó ní, "Kí ni mo tún fẹ́ lọ tò sórí ìlà fún, nígbà tí dókítà wà nílé tiwa?"

Kí ni mo lè sọ? Mo yọ fíìmù náà nínú àpò ìwé, mo gbé e sójú fèrèsé, mo ní, "Hùn-ùn." Màmá rẹ gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó ní, "Orí ló dojú délẹ̀ yẹn." Mo ní bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn.

Fíìmù náà ló wà nínú àpò yìí. Jọ̀ọ́, wò ó, kí o sì kọ ohun tí o bá rí.

Ohun kan tún kù. Mo kó ṣúgà màmá rẹ, mo fi tò ó bí o ṣe wí. Mo fi ọ̀kan sáàárín, mo tò yí i ká, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́fà péré ló fojú kan ojú pẹ̀lú rẹ̀. Méjìlá fi etí kàn án. Mẹ́jọ fi igun kàn án lásán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nínú wọn, àwọn wo ni kọ̀ǹpútà rẹ ń pè ní aládùúgbò? Bíríkìlà ni mí, ọ̀rọ̀ yẹn ń yọ mí lẹ́nu.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o.

Mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi ni? Àní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ má sọ! Ẹ ti wá sọ mí di dókítà láàárín àwọn tó ń po símẹ́ǹtì, àwọn aláìsàn sì ti ń tò dé. Lọ́la ẹ ó ní kí n wá ṣiṣẹ́ abẹ.

Inú mi dùn tẹ́lẹ̀ kí lẹ́tà yín tó dé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín. Dókítà àgbà wa, èyí tí mo ń pè ní Ọ̀gá Onígíláàsì, ka àpá inú orí obìnrin kan, ó ní mọ́kànlá ni. Kọ̀ǹpútà mi ka tirẹ̀, ó ní méje. Méje náà ló wà níbẹ̀ léṣìí. Ìyẹn ni pé nǹkan kan ò yí padà, kò sídìí láti pààrọ̀ oògùn. Mo dìde nínú ìpàdé, níwájú èèyàn mẹ́sàn-án, mo ní, "Bóyá gíláàsì ọ̀gá ló fẹ́ pààrọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí mo padà sí yàrá wa, ó dà bíi pé páìpù òkè orí mi pàápàá dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti ìbéèrè yín, Bàbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì. Àwọn tó kọ ètò náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ aládùúgbò.

Mo dá fíìmù náà padà nínú àpò yìí. Kí wọ́n gbé e fún dókítà tó ní kí wọ́n ya á.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Sí Dókítà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà orí ọlọ́rí. A gba lẹ́tà yín, a sì kà á dáadáa.

A ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má bínú pé bíríkìlà lásánlàsàn da ìbéèrè sí yín lágbo.

Kí a tó pa ẹnu dé, a fẹ́ sọ ìtàn kan. Ẹ lè má kà á bí iṣẹ́ bá pọ̀. Nígbà tí a ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa rán wa láti mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé kan. Bulọ́ọ̀kù ò tó. Ọgbọ́n tí a dá ni pé a tò wọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igun ọ̀kan kan igun èkejì, àyè ṣófo láàárín, a wá rẹ́ símẹ́ǹtì lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ògiri kan ló rí, ó dúró gbọnrangandan. Inú wa dùn débi pé a pe ọ̀gá wá wò ó. Bí ọ̀gá ṣe ń yìn wá lọ́wọ́ ni ewúrẹ́ kan wá fara yún un. Ògiri là sí mẹ́ta. Ọ̀gá wo ewúrẹ́, ó wò wá, ó ní, "Ewúrẹ́ yìí mọ iṣẹ́ jù ọ́ lọ. Ojú kan ojú ni ògiri. Igun kan igun, àlejò ló pàdé lójú ọ̀nà."

A kò ní í yọ yín lẹ́nu mọ́.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi, olówó orí màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo tún un kúnlẹ̀. Ẹ má pè mí ní "ẹ̀yin" mọ́, mo bẹ̀ yín. Nígbà tí mo rí i, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gba àga kúrò nídìí mi.

Mo kọ́kọ́ fi lẹ́tà yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn kò wá jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ ajé, mo ṣí àwòrán orí obìnrin yẹn, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo lọ sídìí ètò náà, mo yọ àwọn aládùúgbò onígun àti àwọn elétí kúrò, mo fi mẹ́fà tó fojú kan ojú nìkan sílẹ̀. Mo ní kí ó tún un kà.

Mọ́kànlá.

Àpá tuntun mẹ́rin ló ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi igun kàn wọ́n lásán, kọ̀ǹpútà mi sì kó wọn pọ̀ ní méjì méjì bí ẹni kó ìyá mọ́ ọmọ. Àwọn tó kọ ètò náà kò jẹ̀bi. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ń lò ó yan èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Èmi ni mo yan mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ tí mo dé, nítorí mo rò pé èyí tó pọ̀ jù ló máa dára jù.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Onígíláàsì. Ó ń jẹ búrẹ́dì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iye tí mo kà yẹn, kò tọ́."

"Èwo?"

"Méje yẹn. Mọ́kànlá ni."

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ìyẹn ni pé gíláàsì mi ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"Ta ló rí àṣìṣe náà?"

"Bàbá mi ni."

"Dókítà ni bàbá rẹ?"

"Rárá, sà. Bíríkìlà ni."

Ó ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé bí ewúrẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé obìnrin náà ti wà lórí tábìlì òun láti bí oṣù kan, òun ò tíì fọwọ́ sí i nítorí pé ojú òun ń sọ ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà ń sọ ọ̀tọ̀. Ká ní òun gba tèmi gbọ́ ni, oògùn tí kò bá a mu ni obìnrin náà ì bá máa lò títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá béèrè iye àwòrán tí mo ti kà láti ìgbà tí mo ti dé. Ogóje ni. Ó ní kí n tún gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú.

Nínú ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo tún dìde níwájú èèyàn mẹ́sàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé fíìmù ìyàwó rẹ̀ padà dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Ọmọ yín tí kò gbọ́n tó ewúrẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Oṣù kan gbáko, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pe Màmá. Wọ́n ní, "Ó wà. Ó ń jẹun. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀." Mo ní ṣé inú ṣì ń bí yín sí mi ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwọ," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ta wá ni? Kí ló ṣẹlẹ̀? Bí orúnkún ni, ẹ sọ fún mi. Mo ti tún àwòrán méjìlélọ́gọ́rùn-ún wò. Ojú ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn mi.

Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo. Ẹ tiẹ̀ lè bú mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Oníbéèrè,

Inú kò bí mi sí ọ. Mo jókòó láti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́rin, mo dìde nígbà mẹ́rin.

Nígbà tí fíìmù yẹn padà dé ní oṣù kejì, ó yẹ kí n gbé e tọ káfíńtà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó máa béèrè pé, "Kí lọmọ rẹ wí?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá béèrè, mo ní, "Ó ṣì ń wò ó." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún béèrè. Mo ní, "Ó ṣì ń wò ó. Irú iṣẹ́ yẹn, wọn kì í kánjú ṣe é." Ó ní òótọ́ ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi! Ìgbà kẹta, mo rí i tó ń bọ̀ lọ́nà, mo ti ń sọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: "Ó ṣì ń wò ó."

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìyàwó rẹ̀ ò mọ ẹnu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ kan. Lọ́jọ́ ẹtì kan ló jókòó sórí àga, kò sì lè dìde. Màmá rẹ ló wá sọ fún mi, ó sì wo kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe ń sọ ọ́. Mo yọ fíìmù náà, mo sáré. Èmi tí orúnkún ń dà láàmú, mo sáré.

Èmi àti káfíńtà gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ló gba fíìmù náà, ó gbé e síbi iná. Kò tó ìgbà tí èèyàn á fi gbé itọ́ mì, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni. Láti ìgbà tó ti ṣubú ló ti ń rọra jọ lábẹ́ egungun orí, tó ń ti ọpọlọ. Ìgbà wo lẹ ya àwòrán yìí?"

Káfíńtà ní, "Oṣù kìíní."

"Níbo ló wà látìgbà yẹn?"

Káfíńtà yíjú sí mi.

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi kì í ṣe dókítà."

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tó lajú, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, dókítà sì ní òun ò lè sọ èyí tó máa padà bọ̀ sípò nínú ọgbọ́n orí rẹ̀ àti èyí tí kò ní padà. Káfíńtà wò mí, ó ní, "Máa lọ sílé." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ nìyẹn, láti ọjọ́ yẹn títí di òní.

Mo lọ sí ìpàdé bíríkìlà. Mo dìde lórí àga onígbẹ́yìnlé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló wá ń wo fíìmù náà látọjọ́ yìí?" Mo ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù." Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló sùn sí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní kí n yẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Ẹ má dá ẹ̀bi náà gbé. Ẹ wo lẹ́tà mi ti oṣù kejì, bí ẹ bá ṣì ní in. Mo kọ ọ̀pọ̀ ìlà láti fi yangàn, mo kọ ìlà méjì péré nípa fíìmù obìnrin kan tó ṣubú. Ohun tí mi ò sì sọ fún yín nìyí: mo wò ó. Mo gbé e síwájú iná tábìlì mi. Mo rí i pé apá òsì rẹ̀ ò jọ apá ọ̀tún, nǹkan kan rọ̀gbà yí i ká bí oṣù tuntun. Ọ̀gá Onígíláàsì wà lókè mi, àtẹ̀gùn méjìdínlógún péré ló wà láàárín wa. Mi ò gun ún. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé bàbá mi ń pè mí ní dókítà nílé. Mo kà á sí pé kì í ṣe iṣẹ́ mi, mo sì lẹ àpò ìwé náà pa.

Ìtìjú yín wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tèmi wà nínú àpò ìwé tí mo lẹ̀ pa.

Mo ti parí ogóje àwòrán náà. Mẹ́ta míì ni mo tún rí tí iye wọn ò pé, mo kọ orúkọ mi sí ìdí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò lé mi. Ó ní ẹni tó ti ṣi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kà máa wúlò ju ẹni tí kò tíì ṣì í kà rí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn obìnrin yẹn. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́..." Mo ní, "Èmi kì í ṣe dókítà, mà. Níbo lẹ ń lọ? Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀."

Bàbá, ẹ lọ sílé káfíńtà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Oníbéèrè, ọmọ mi,

Àlàáfíà ni o. Màmá rẹ ní tí mi ò bá kọ lẹ́tà yìí lónìí, òun á kọ ọ́, òun á sì fi kún un.

Mo lọ. Àràárọ̀ ni mo ń lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ káfíńtà, tí n ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi gbé mi kúrò. Ọjọ́ kìíní, mo sọ ohun tí o ní kí n sọ. Ó gbọ́, ó ń fá igi lọ. Láti ìgbà yẹn, bó bá jáde, á kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára àpótí. Màmá rẹ ní ó kúkú yẹ mí, pé àpótí ò ní ẹnu tí yóò fi purọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ilẹ̀kùn ṣí, ìyàwó rẹ̀ ló jáde. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lápá kan. Ó dúró, ó wò mí títí. Mo kí i. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ mí.

Ó ní, "Bíríkìlà."

Mo ní, "Èmi nìyí."

"Ẹ̀yin lẹ gbé àwòrán orí mi pa mọ́."

"Èmi ni."

"Ẹ ní ọmọ yín ṣì ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ sọ ọ́. Mo wà nínú yàrá nígbà kejì, mo gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sẹ́yìn ilé. "Ilé ìdáná tí ẹ kọ́ fún wa nígbà tí mo ń fún àbíkẹ́yìn mi lọ́mú, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún, ilẹ̀kùn yẹn ò padé dáadáa. Ẹ ní igi ọkọ mi ló wú. Igi rẹ̀ ò wú. Ògiri yín ló wọ́."

Ọmọ mi, mo bú sẹ́kún. Obìnrin tí kò mọ ẹnu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀ ní oṣù kẹrin ló dúró níwájú mi, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi, kò fo ọ̀kan, kò tún ọ̀kan pè. Wọ́n ti yìn mí rí lórí àga. Kò sí ìyìn tó dùn mọ́ mi tó èébú yẹn. Ó ní, "Kí lẹ ń sunkún fún? Mi ò tíì parí." Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ, mo bẹ̀ ẹ́.

Mo lọ sílé, mo kó irin iṣẹ́ mi. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo fi ìwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná náà, ó fi ìbú ìka méjì wọ́. Mo fọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, mo po símẹ́ǹtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un mọ láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bí mo bá so okùn tó ń jẹ́ kí ògiri tọ́ mọ́ ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fà á lókè, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n máa gun àkàbà lọ bọ̀. Mo so ó mọ́ ìṣó, ìṣó yọ. Mo tún so ó, ó tún yọ.

Mo gbọ́ tí ìró ayùn dákẹ́ níwájú ilé. Káfíńtà yọ sí mi, eruku igi wà ní gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ibi tí mo fọ́. Ó wo èmi. Ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀ tó fara ti ògiri, èyí tí mo ti parọ́ mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Lẹ́yìn náà ó gun àkàbà, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gba orí okùn lọ́wọ́ mi, ó sì fà á le.

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ o, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ó di okùn náà mú títí mo fi mọ ọ́n dé òkè.

Bàbá rẹ ni.